Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ìtàn Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dá Ẹ̀rọ Mọ̀

Ìbéèrè tí olóòtú ètò yìí gbé ka iwájú mi lónìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó ní: báwo ni ètò tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ irú ẹ̀rọ tí ó bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀, báwo sì ni a ṣe ń dán ìmọ̀ náà wò kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e? Olùkọ́ èdè ni mí; n kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ìbéèrè náà wò tinú-tòde, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí àti ẹ̀rí ni, èyí kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ́ni ní ìtàn tàbí ní èdè.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀fàtẹ̀dó, ìlú tí ó wà nítòsí Òṣogbo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá ni yóò gbọ́ ìtàn nínú orúkọ náà: Ọ̀fà ni ó tẹ ìlú dó. Orúkọ ti jẹ́rìí. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí ó mọṣẹ́ rẹ̀ kì í torí orúkọ nìkan parí ìwádìí. Yóò béèrè oríkì ìdílé, yóò béèrè orúkọ oyè, yóò sì tẹ́tí sí bí àwọn àgbà ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ìdí ni pé ọmọ Iléṣà lè dé àárín ọjà kí ó wí pé ará Òṣogbo ni òun, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta, ohùn Ìjẹ̀ṣà yóò fi í hàn. Ọ̀nà méjì ni a fi ń dá àlejò mọ̀, nígbà náà: a lè bi í léèrè orúkọ, a sì lè wo ìṣe rẹ̀. Ọ̀nà méjì yìí náà ni ètò kọ̀ǹpútà ní láti fi dá ẹ̀rọ mọ̀, ìtàn tí mo fẹ́ sọ sì ni ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń yàn láàárín wọn.

Ètò kọ̀ǹpútà ni àkójọ àṣẹ tí ènìyàn kọ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Láàárín ètò náà àti ara ẹ̀rọ gan-an ni ètò alákòóso wà, irú èyí tí a ń pè ní Windows tàbí Linux. Òun ni ó ń pín iyè ẹ̀rọ fún ẹni tí ó bá béèrè, òun ni ó sì mọ ibi tí a ń kó ìwé pamọ́ sí. Ètò tí ó bá ti ibì kan dé ibòmíràn dà bí àlejò. Àwọn baba wa sì ti wí pé àjèjì lójú ńlá, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ètò kò bá mọ alákòóso ilé tí ó wọ̀, tí kò mọ irú ọpọlọ tí ẹ̀rọ náà ní àti ìwọ̀n iyè rẹ̀, yóò kó ìwé sí ibi tí kò sí, tàbí kí ó gbé ẹrù tí ẹ̀rọ náà kò lè rù.

Ní àtètèkọ́ṣe, ìbéèrè yìí kò sí. Ètò tí a kọ fún ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà nìkan ni ó wà fún. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963, báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí káàkiri ayé: bí a bá gbé irú ẹ̀rọ mìíràn dé, iṣẹ́ àtúnkọ ni ó máa ń tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni IBM kan náà kéde ìdílé ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní System/360. Ẹ̀rọ kékeré wà nínú ìdílé náà, ẹ̀rọ ńlá sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni Unix dé, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969 ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1973, wọ́n fi èdè C tún un kọ. Nígbà tí ó sì di ọdún 1977 sí 1978, wọ́n ti gbé e lọ sórí ẹ̀rọ Interdata, tí kò bá ẹ̀rọ tí a bí i sí tan rárá. Láti ìgbà náà ni ètò ti di arìnrìn-àjò, ìbéèrè nípa ilé tí ó wọ̀ sì di dandan.

Ọ̀nà kìíní ni bíbéèrè orúkọ. Nígbà tí ìlànà POSIX jáde ní ọdún 1988 láti mú kí àwọn ọmọ ìdílé Unix bára mu, ó pàṣẹ pé kí alákòóso kọ̀ọ̀kan lè dáhùn sí ìpè tí a ń pè ní uname. Ìdáhùn márùn-ún ni ìpè náà ń mú wá: orúkọ alákòóso, orúkọ tí ẹ̀rọ náà ń jẹ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìpele ìtẹ̀jáde, ẹ̀dà rẹ̀, àti irú ara ẹ̀rọ. Ọ̀nà kejì ni wíwo ìṣe. Larry Wall, tí ó kọ ètò ìkàròyìn kan tí ń jẹ́ rn ní ọdún 1984, fi ètò kékeré kan tí ó pè ní Configure ṣe aṣíwájú fún un. Iṣẹ́ Configure ni láti yẹ ẹ̀rọ wò fúnra rẹ̀: ǹjẹ́ ohun èlò báyìí wà níbí? Ǹjẹ́ àṣẹ báyìí ń ṣiṣẹ́? Ní ọdún 1991, David MacKenzie bẹ̀rẹ̀ Autoconf, tí ó sọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò. Àyẹ̀wò wọ̀nyí kò ka orúkọ sí pàtàkì tó iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá lè ṣe iṣẹ́, kí ni a fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ. Àwọn ọpọlọ tí ilé-iṣẹ́ Intel kọ́kọ́ ṣe fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní ẹnu tí wọn yóò fi dárúkọ ara wọn. Ọgbọ́n ni ètò ń dá. Àmì mẹ́rin kan wà nínú ọpọlọ náà tí ètò lè gbìyànjú láti yí padà. Lórí 8086 ti ọdún 1978, ení ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Lórí 80286 ti ọdún 1982, ní ipò tí ó ń bá jí, òdo ni wọ́n máa ń jẹ́. Lórí 80386 ti ọdún 1985, mẹ́ta nínú wọn gbà kí a yí wọn padà. Ohùn Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu ọmọ Iléṣà ni àmì wọ̀nyí. Ní ọdún 1993 ni Intel wá fún ọpọlọ ẹ̀rọ ní ẹnu: àṣẹ CPUID. Bí ètò bá pè é, ọpọlọ náà yóò fi lẹ́tà méjìlá dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. GenuineIntel ni ti Intel, AuthenticAMD sì ni ti abánidíje rẹ̀.

Ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ là tán ni orúkọ já àwọn ènìyàn kulẹ̀. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé ọpọlọ Pentium tí ó ń lò ń ṣi ìṣirò pín. Bí a bá fi 3145727 pín 4195835, ìdáhùn tí ó tọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.33382; ṣùgbọ́n àwọn Pentium tí ó ní àbùkù mú 1.33373 wá. Gbogbo Pentium ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, èyí tí ó pé àti èyí tí kò pé. Ètò tí ó bá béèrè orúkọ nìkan kò lè mọ ìyàtọ̀. Ètò tí ó bá fún ẹ̀rọ náà ní ìṣirò yìí ṣe, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò mọ̀. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ni Intel kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù nítorí àbùkù náà.

Ìtàn kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ tóbi. Windows 3.1 jáde ní ọdún 1992, nọ́ńbà tí ó sì ń fún ètò tí ó bá béèrè ni 3 àti 10. Àwọn ètò kan wà tí wọn kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ó bá kéré sí èyí. Àwọn tí ó kọ wọ́n yẹ nọ́ńbà méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kí ti iwájú má kéré sí 3, kí ti ẹ̀yìn má kéré sí 10. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọdún 1995. Nọ́ńbà Windows 95 nínú lọ́hùn-ún ni 4 àti 0. Ti iwájú tó, ó tilẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n òdo kéré sí 10. Nítorí náà àwọn ètò náà yóò wo ilé tuntun, wọn yóò sì sọ pé ó ti gbó jù. Kí ni Microsoft ṣe? Wọ́n mú kí Windows 95 purọ́ fún àwọn ètò àtijọ́, kí ó máa sọ pé 3 àti 95 ni òun. Bí àlejò kò bá mọ bí a ti ń béèrè, onílé a máa dáhùn bí ó ti rọrùn fún un.

Ẹnìkan lè wí pé kí ni à bá ti ṣe sí i. Ní ọdún 1992, ta ni ó ní Windows 95 nílé tí yóò fi dán ètò rẹ̀ wò? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìdánwò wọlé, òun ni mo sì tìtorí rẹ̀ gbà láti sọ̀rọ̀ lórí ètò yìí.

Ìdánwò ẹyọ-ẹyọ ni pé kí a mú ẹyọ kan nínú ètò, kí a yà á sọ́tọ̀, kí a fún un ní ohun tí a mọ̀, kí a sì wò ó bóyá ohun tí ó dá padà bá ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú mu. Kent Beck tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí irú ìdánwò yìí ní ọdún 1994, fún èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Smalltalk. Ní ọdún 1997, nínú ọkọ̀ òfurufú tí ó ń lọ sí Atlanta, òun àti Erich Gamma kọ JUnit fún èdè Java, láti ibẹ̀ ni ọ̀nà náà sì ti tàn káàkiri. Ní ọdún 2000, Tim Mackinnon, Steve Freeman àti Philip Craig ṣàlàyé bí a ṣe lè fi adípò rọ́pò ohun tí ẹyọ ètò ń bá sọ̀rọ̀, kí ó lè rò pé ohun gidi ni.

Bí a bá lo ọgbọ́n yìí fún ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa, ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni pé kí a ya olùbéèrè kúrò lára onídàájọ́. Ẹ jẹ́ kí á mú ètò kan tí ń kó èsì ìdánwò ilé-ìwé pamọ́. Olùbéèrè inú rẹ̀ yóò bi ẹ̀rọ léèrè orúkọ alákòóso, ìpele ìtẹ̀jáde, àti iyè tí ó ní. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onídàájọ́ kò ní bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ rárá. Ìdáhùn ni a ó gbé fún un, òun yóò sì pinnu: bí ó bá jẹ́ Windows, ibí ni kí a kó ìwé sí, bí ó bá jẹ́ Linux, ọ̀hún ni, bí iyè ẹ̀rọ kò bá tó mẹ́gábáìtì 512, kí a má fi àwòrán hàn. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ni onídàájọ́ ń gbà, a lè mú ẹlẹ́rìí èyíkéyìí wá síwájú rẹ̀ láìní ẹ̀rọ kankan. A ó fún un ní iyè 511, 512 àti 513, kí a lè rí bí ó ṣe ń ṣe ní ẹnu ààlà. A ó fún un ní orúkọ alákòóso tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. A ó fún un ní òfìfo, bí ẹni pé ẹ̀rọ kọ̀ láti dáhùn. A ó fún un ní ìpele 3.9 àti 3.10, kí a mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé ẹ̀kẹwàá ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀kẹsàn-án. A ó sì fún un ní 4 àti 0.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Ní ọdún 1992, kò sí ẹni tí ó nílò Windows 95 kí ó tó lè kọ nọ́ńbà méjì yẹn sínú ìdánwò. Ìlà kan ṣoṣo ni ì bá fi àṣìṣe náà hàn ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ohun tí wọ́n ṣe aláìní ni ọ̀nà láti gbé ìdáhùn tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ka iwájú onídàájọ́, nítorí pé ìbéèrè àti ìdájọ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Irú ìdánwò kan wà tí ó yẹ kí á ṣọ́ra fún. Òun ni èyí tí ó ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí a jókòó sí, tí ó tún lọ béèrè orúkọ kan náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tí ó wá ń yọ̀ pé méjèèjì bára mu. Ẹlẹ́rìí kan náà ni a pè lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà sì ti sọ pé a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò lè kùnà láé, nítorí náà kò kọ́ wa ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ lọ sílé pẹ̀lú èrò pé adípò tó ohun gidi. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹlẹ́rìí tí a fi ọwọ́ ara wa gbé kalẹ̀ kò lè sọ ju ohun tí àwa fúnra wa ti mọ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ adípò Pentium kí ọdún 1994 tó dé tí ì bá rántí fún un ní àbùkù inú ìṣirò pín. Nítorí náà, olùbéèrè, bí ó ti wù kí ó kéré tó, gbọ́dọ̀ dé orí ẹ̀rọ gidi lọ́jọ́ kan, kí a sì fi ojú rí ohun tí ó mú bọ̀. A fi ń jẹ́ kí ó kéré ni kí ohun tí a óò gbé káàkiri má baà wúwo.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè wa pàápàá. Nínú Unicode, ìlànà lẹ́tà tí gbogbo ayé ń lò láti ọdún 1991, kò sí àmì ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ tí ó ní ohùn òkè lórí. A lè fi ẹ kọ ọ́ kí a fi àmì ohùn lé e. A lè fi é kọ ọ́ kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. A sì lè kọ e lásán kí a wá fi àmì méjèèjì kún un. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Unicode pẹ̀lú sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ètò tí kò bá gbọ́n yóò ka orúkọ Ṣẹ́gun tí a kọ ní ọ̀nà méjì sí ènìyàn méjì. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbà ń kó orúkọ ìwé pamọ́ láti ọdún 1998 máa ń tú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ palẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Windows a máa fi í sílẹ̀ bí a ti kọ ọ́. Ní ọdún 2017, Apple yí ìlànà tirẹ̀ padà. Ètò tí ó bá wí pé bí ó bá jẹ́ Apple ni n óò ṣe báyìí, ti kọsẹ̀ lọ́dún náà. Ètò tí ó bá sọ orúkọ méjèèjì di ìrísí kan náà kí ó tó fi wọ́n wéra, láìka ilé tí ó wà sí, kò kọsẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò, ẹ kọ Ṣẹ́gun ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ wò ó bóyá yóò dá wọn mọ̀ ní ẹnìkan.

Kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún àwa tí a ń kọ́ni ní agbègbè Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Raúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, fi Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ lọ́lẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí nínú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama àgbà. Orúkọ tí wọ́n yàn fún un rán wa létí ọpọ́n Ifá: ibi tí babaláwo ń tẹ ojú odù sí kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ rí i pé ẹ̀rọ tí ọmọ mú dání lè má bá èyí tí ó wà lórí tábìlì ọ́fíìsì tan. Láti ìgbà náà wá, fóònù oríṣiríṣi ti dé, àlòkù láti òkè òkun ti dé, èyí tí iyè rẹ̀ kéré wà, èyí tí iyè rẹ̀ pọ̀ sì wà. Ilé-ìwé wo ni ó lè ra gbogbo wọn?

Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ní gbogbo ẹ̀rọ nìkan ni ó lè kọ ètò tí yóò ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn, a jẹ́ pé àwọn ọlọ́rọ̀ ayé nìkan ni yóò máa kọ̀wé fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo sọ yìí fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sí Ọ̀fàtẹ̀dó, tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo wà níwájú rẹ̀, lè gbé ìdáhùn ogún irú ẹ̀rọ ka iwájú onídàájọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni yóò yá fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí ti olùkọ́ rẹ̀, láti fi ojú rí bóyá olùbéèrè rẹ̀ mú òtítọ́ bọ̀.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé nígbà tí ẹ bá ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú àṣẹ àti àmì. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí àlejò ti wá. Wọn yóò sọ fún yín nípa orúkọ, nípa ohùn, nípa ìṣe. Nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, kí ẹ wá ṣí kọ̀ǹpútà.